Ìgò Wáìnì Kan, Ta Ló Ń Jẹ Owó Rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ìgò wáìnì pupa kan láti Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà, èyí tí súpámákẹ́ẹ̀tì ń tà ní £6 ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2025. Ẹni tó rà á gbà pé àgbẹ̀ tó gbin àjàrà lòun sanwó fún. VAT ti kọ́kọ́ mú £1 níbẹ̀. Owó-orí ọtí, ní iye tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2025, jẹ́ £2.88 bí agbára ọtí inú ìgò náà bá jẹ́ 13 nínú 100. Ó ku £2.12. Nínú £2.12 yìí ni èrè ọlọ́jà wà, àti owó ọkọ̀ ojú omi, owó ìgò, owó ìdérí, owó bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, owó páálí. Kí ló wá kù tí yóò dé ọwọ́ ẹni tó ń já àjàrà nínú oòrùn?

Ẹ wá wo ìgò £12. VAT mú £2, owó-orí ọtí ṣì jẹ́ £2.88, ó ku £7.12. Iye ọjà lọ́po méjì péré, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́kù ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Owó-orí ọtí kì í bèèrè bóyá wáìnì dára. Agbára rẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ọkọ̀. Iye kan náà ni ìgò ń san lójú ọ̀nà, ìbáà jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ìbáà jẹ́ olówó gọbọi. Tálákà tó ń ta ọjà pọ́ọ́kú sókè òkun, owó ọ̀nà ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, nítorí pé ọjà pọ́ọ́kú ni wọ́n sábà máa ń gba àwa ará Áfíríkà níyànjú láti kó lọ.

Gíláàsì ló tún dá kún un. Ìgò òfìfo a máa tó ìdajì kílò. Páálí ìgò 12 tí ẹ bá gbé sórí ìwọ̀n yóò tó kílò 15, gíláàsì sì ni bíi kílò 6 nínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ńlá ti rí i tipẹ́. Wọ́n ń da wáìnì sínú àpò ràgàjì kan tó kún inú kọ̀ńténà ẹlẹ́sẹ̀ 20, tó ń gba lítà 24,000. Bó bá jẹ́ inú ìgò ni, kọ̀ńténà kan náà kò lè gbà tó ìdajì ìyẹn. Bó bá gúnlẹ̀, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò ní ibi bíi Avonmouth, lẹ́bàá Bristol. Owó ọkọ̀ dín kù, ó dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rírọ ọtí sínú ìgò, iṣẹ́ lílẹ bébà, iṣẹ́ dídi páálí, gbogbo rẹ̀ ti fi Cape, agbègbè tí Stellenbosch wà, sílẹ̀, ó ti di ti àwọn ọmọ Bristol. Ọ̀nà yìí sì ni ó ju ìdajì wáìnì tí Gúúsù Áfíríkà ń tà sókè òkun ń gbà lọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn kòkó Oǹdó, tó ń lọ sókè òkun kí iṣẹ́ orí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mọ ohun tí mò ń sọ.

Ti ẹ̀bùn ńkọ́? Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti fi ìgò kan ránṣẹ́ sí àna, sí ọ̀gá, sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bùn tí kò ju £39 lọ lè wọlé láìsan VAT, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọtí ni, wọn yóò ṣì gba owó-orí ọtí lórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìyá ló fi ránṣẹ́ sọ́mọ. Amẹ́ríkà tún le jù bẹ́ẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba wọn kì í gba ọtí. Àwọn akẹ́rù aládàáni ń gbà á lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, ẹni tó máa gbà á sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21, kó sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n fòpin sí òfin tó ka ọtí léèwọ̀ ní 1933, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún ní agbára lórí ọtí; ìdí nìyẹn tí ohun tó tọ́ ní California fi lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Utah. Àwọn kan á kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé oyin ni. Ẹ má ṣe é. Tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹ̀bùn lọ, owó ẹrù lọ. Ẹ wá ọlọ́jà tó wà nílùú ẹni tí ẹ fẹ́ ta lọ́rẹ, ẹ sanwó fún un, kó gbé ìgò lọ fún un nílé.

Ìrìn ọ̀nà jíjìn gan-an kì í ṣe wáìnì lóore. Mo ti di ìgò kan mú tó jìyà nínú kọ̀ńténà: kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti yọ sókè díẹ̀ ju ẹnu ìgò lọ, ìlà pupa kan ti ṣàn gba ọrùn rẹ̀, ó ti gbẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ooru ló mú wáìnì wú, tó ti kọ́ọ̀kì síta, tí afẹ́fẹ́ fi ráyè wọlé. Adùn ti bàjẹ́, owó-orí tí wọ́n san lé e lórí kò sì dín kù. Wáìnì erékùṣù Madeira ni mo mọ̀ tí ooru inú ọkọ̀ ojú omi sọ di ọlọ́lá láyé àtijọ́.

Ẹmu tiwa ni mo wá ń rò. Ẹmu kì í dúró deni. Láti ìgbà tí adẹ́mu bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni ó ti ń hó. Ẹ dé e mọ́nú ìgò láìsè é, ó lè fọ́ ìgò náà. FIIRO, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì, ti ṣe iṣẹ́ lórí èyí: wọ́n á fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀, ẹmu á sì dákẹ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi agbára ọtí ṣírò owó-orí rẹ̀, agbára ẹmu kò sì tó ti wáìnì rárá. Ibodè á fúyẹ́ fún un. Àmọ́ gíláàsì ṣì wúwo, owó ọkọ̀ ṣì dúró, nítorí náà kò yẹ kí àwọn tó ń kó ẹmu lọ sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù máa tà á ní iye mínírà. Kí wọ́n kọ orúkọ oko àti ìlú tí wọ́n ti dá a sára ìgò, bí àwọn ará Stellenbosch ti ń ṣe, kí wọ́n sì pe iye tó tó iye rẹ̀.

Ohun kan sì wà tí ẹmu fi ju wáìnì lọ. Kò lè dúró nínú àpò ràgàjì lórí òkun fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta kí ẹlòmíràn tó wá rọ ọ́ sínú ìgò. Ìtòsí ibi tí wọ́n ti dá a ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ sè é, kí wọ́n sì dé e pa. Nàìjíríà kò tún gbà kí wọ́n kó ìgò òfìfo tí wọ́n ń rọ ohun mímu sí wọlé, bó bá ti ju mílílítà 150 lọ, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìgò sì wà ní Agbára, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Cape, ọwọ́ wa ni tiwa ṣì wà.