Ẹ̀bùn àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì: Ẹni tí ọ̀gá ò fà kalẹ̀, adájọ́ ò lè rí i

Tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fẹ́ ṣe ìdìbò abẹ́lé, gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti parí kí àwọn aṣojú tó tò sórí ìlà. Ẹni tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ò fà kalẹ̀, bó ti wù kó kúnjú òṣùwọ̀n tó, orúkọ rẹ̀ ò ní sí lórí ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣe ìwádìí nípa ara èèyàn àti àìsàn. A máa ń gbọ́ orúkọ ẹni tó gba ẹ̀bùn. A kì í gbọ́ orúkọ ẹni tí wọn ò fà kalẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní postdoc lókè òkun. Postdoc ni ẹni tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ìyẹn PhD, àmọ́ tí kò tíì ní yàrá ìwádìí tirẹ̀. Abẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú owó ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ni owó oṣù rẹ̀ ti ń jáde, iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń ṣe títí tó fi máa fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ti ilẹ̀ mìíràn wá, físà rẹ̀ lè so mọ́ iṣẹ́ yẹn. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gba ẹ̀bùn, kì í ṣe owó nìkan ló mú lọ sílé. Orúkọ rẹ̀ á ti jáde nígbà tó bá ń wá iṣẹ́ olùkọ́ ní fásitì.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀bùn kan wò. Ẹ̀bùn Blavatnik wà fún àwọn postdoc ní ìpínlẹ̀ New York, New Jersey àti Connecticut. Ọdún 2007 ni wọ́n dá a sílẹ̀, New York Academy of Sciences ló sì ń bójú tó o. Ẹ̀ka mẹ́ta ló ní, ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ẹni tó bá gbégbá orókè ní ẹ̀ka rẹ̀ ń gba $30,000. Àwọn tó bá a dé ìpele àṣekágbá ń gba $10,000. Àmọ́ postdoc ò lè dá gbé ìwé rẹ̀ lọ bá wọn. Fásitì tàbí ilé ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́ ló máa fà á kalẹ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ wáyé. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀bùn náà wà. Ó gbọ́dọ̀ gbà pé ọmọ abẹ́ òun tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ jókòó kọ lẹ́tà tó ṣàlàyé ohun tí ẹni náà fúnra rẹ̀ ṣe.

Ibi ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí lọ̀rọ̀ wà. Nínú ìwádìí ìṣègùn, ìwé kan ṣoṣo lè ní orúkọ èèyàn ogún. Orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ló sábà máa ń ṣáájú, ti ọ̀gá á sì gbẹ̀yìn. Adájọ́ ò lè mọ ẹni tí èrò náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, àfi tí ọ̀gá bá sọ. Ọ̀gá tó bá kọ ọ́ pé “ọmọ dáadáa ni, ó ń ṣiṣẹ́ kára,” àdúrà ló ṣe, kò tíì jẹ́rìí.

Lẹ́tà náà kì í sì í dọ́gba. Ní 2003, Frances Trix àti Carolyn Psenka tẹ ìwádìí kan jáde lórí lẹ́tà tó lé ní 300 tí wọ́n fi gbe àwọn èèyàn lẹ́yìn fún iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà tí wọ́n kọ fún àwọn obìnrin kúrú ju ti ọkùnrin lọ, ọ̀rọ̀ tó lè mú kí èèyàn ṣiyèméjì sì pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Àwọn tó rí iṣẹ́ náà gbà lẹ́tà wọ̀nyí dá lé lórí o!

Àwọn tó ń ṣètò ẹ̀bùn ní ìdí tiwọn. Tí wọ́n bá ní kí gbogbo ẹni tó bá wù máa bọ̀, ìwé á pọ̀ ju ohun tí adájọ́ lè kà lọ. Wọ́n tún máa ń sọ pé ọ̀gá ló mọ iṣẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ jù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó súnmọ́ iṣẹ́ náà lè má rí i. Ní 1995, fásitì Pennsylvania já ipò Katalin Karikó wálẹ̀, nígbà tí owó ìwádìí ò wọlé fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí mRNA. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà, òun àti Drew Weissman sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023.

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Ẹ̀bùn Eppendorf àti Science lórí ìmọ̀ ọpọlọ, tí owó rẹ̀ jẹ́ $25,000, gba kí onímọ̀ kọ̀wé fúnra rẹ̀, àmọ́ kò gba ẹni tó bá ti kọjá ọdún 35. Ẹ wá wo ọmọ tó ka ìwé nílé wa. Ìyanṣẹ́lódì ASUU gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ní 2020, ó tún gba oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ẹ fi ọdún kan ìsìnrú ìlú kún un. Ọmọ náà ò yọ̀lẹ, ìjọba àti olùkọ́ ló ń jà, àmọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ ò dúró dè wọ́n. NIH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìwádìí ìlera, ń ka ọdún mẹ́wàá láti ìgbà tí èèyàn ti gba oyè tó ga jù kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó ṣì jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Obìnrin tó bímọ lè gba àfikún ọdún kan. Ìlànà bẹ́ẹ̀ ló tọ́ sí ẹ̀bùn, ká má fi ọjọ́ ìbí nìkan dájọ́.

Ohun tí fásitì lè ṣe ò le. Kí wọ́n kéde ẹ̀bùn náà fún gbogbo postdoc, kí ẹni tó bá rò pé òun tó bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ nínú ilé, kí ìgbìmọ̀ wá yàn, kí ọ̀gá tó kọ lẹ́tà.

Ẹ̀yin postdoc tó ń kà wá náà, ẹ̀kọ́ ilé wa lè mú kó dà bí ìgbéraga láti sọ fún ọ̀gá pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mí kalẹ̀.” Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ sọ ọ́ ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí ẹ ṣe sí ojú ìwé kan fún ọ̀gá, kó má bàa gbàgbé. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ wo yàrá ìwádìí yín lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ bi ara yín léèrè ta lẹ ò tíì dárúkọ rí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àmọ́ tí ọ̀gá bá dákẹ́, ti ọmọ ọlọ́mọ ló ń bá a dákẹ́.