Ẹ Ta Oúnjẹ, Ẹ Má Ta Omi
Nígbà tí kulula bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní South Africa lọ́dún 2001, owó bàálù wálẹ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ sì di títà. Kulula kógbá wọlé lọ́dún 2022, ṣùgbọ́n àṣà náà dúró. Mi ò ní ìjà pẹ̀lú ìyẹn: kí ló dé tí ẹni tí kò jẹun yóò fi bá ẹni tó jẹun sanwó? Omi ni mi ò gbà kí wọ́n tà. Láti Johannesburg dé Cape Town, nǹkan bíi wákàtí 2 ni. Afẹ́fẹ́ inú bàálù a máa gbẹ èèyàn lọ́fun, èrò kò sì lè bọ́ sílẹ̀ lọ wá omi. Nílé wa, a kì í díyelé omi àlejò. Ẹ ta búrẹ́dì, ẹ ta ọtí. Ife omi kan, ọ̀fẹ́ ni kó jẹ́.