Ẹni tó kú sílé ìwòsàn lẹ́yìn ìjàmbá ọkọ̀, ta ló ń kà á?

Ní ọdún 2016, àkọsílẹ̀ ìjọba Nàìjíríà sọ pé èèyàn 5,053 ló kú nínú ìjàmbá ọkọ̀. Àmọ́ nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Lágbàáyé, WHO, gbé jáde ní 2018, iye tiwọn fún ọdún kan náà jẹ́ 39,802. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ.

Òótọ́ ni pé WHO kò ka òkú lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣirò ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tilẹ̀ pín iye náà sí méjì, ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ìjọba kọ sílẹ̀. Níbo làwọn tó kù wọlé sí?

Ká ní ọkọ̀ akérò kan gbókìtì lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Èèyàn méjì kú lójú ẹsẹ̀, òṣìṣẹ́ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sì kọ méjì sílẹ̀. Àwọn mẹ́ta dèrò ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀kan nínú wọn jáde láyé. Lójú WHO, ẹni tó bá kú láàárín 30 ọjọ́, ìjàmbá náà ló pa á. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwòsàn kò bá fi tó FRSC létí, méjì náà ni yóò wà nínú ìwé. Ti ọlọ́kadà tó ṣubú lọ́nà abúlé, tí ẹbí sì sin ín lọ́jọ́ kejì, lè má dé etí ìjọba rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ìwé. Àkọsílẹ̀ ló yẹ kó fi hàn oríta tó nílò iná, ìyànà tó yẹ kí wọ́n tún ṣe, àti ibi tó yẹ kí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn wà. Mímú awakọ̀ tí kò de bẹ́líìtì dára, àmọ́ a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Òfin ìlera ti ọdún 2014 ti ní kí ilé ìwòsàn má ṣe kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Ó yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi kún un: kí ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa fi ìròyìn gbogbo ẹni tí ìjàmbá ọkọ̀ gbé wá ránṣẹ́, kí ọlọ́pàá àti FRSC máa lo ìwé àkọsílẹ̀ kan náà, kí wọ́n sì máa gbé ibi tí ìjàmbá ti ṣẹlẹ̀ jáde fún aráàlú, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.