Kí Ibùdó Rélùwéè Tiwa Ní Ojú: Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó

Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú,

Apá Ọ̀tọ̀-Àwórì ni mò ń gbé, orí rélùwéè Blue Line sì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Èyí tó kù, láti Mile 2 dé Okokomaiko, ni ojú wa wà lára rẹ̀ báyìí. Mi ò fẹ́ bi yín nígbà tí yóò parí. Àwọn tó ń bi yín ìyẹn pọ̀ tó. Bí àwọn ibùdó náà yóò ṣe rí ni mo bá wá, torí pé bí sìmẹ́ǹtì bá ti gbẹ, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Ọ̀nà tí rélùwéè yìí ń tọ̀ gùn ju Okokomaiko lọ. Lẹ́yìn wa ni Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà wálé kọ́ irú ilé tiwọn sí: fèrèsé tí orí rẹ̀ ṣe róbótó, òdòdó sìmẹ́ǹtì lára ògiri, kìnnìún sìmẹ́ǹtì lórí òpó géètì. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló ṣe iṣẹ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Níwájú wa ni Àgbádárìgì, tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì táwọn ajíhìnrere kọ́ parí ní 1845 ṣì dúró létí omi. Bí a bá sọdá ẹnubodè, a dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Bùràsíìlì débi pé àlejò lè fẹ́ wọlé lọ gba Máàsì. Kò sí ẹni tó máa dé ibi mẹ́ta yìí tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tó wà.

Àwa tó wà láàárín ńkọ́? Láti Alákijà dé Okokomaiko, gíláàsì búlúù, páànù, búlọ́ọ̀kù tí wọn kò rẹ́, àti àwo alumíníọ́mù tí báńkì àti ilé epo fi ń bo ojú ilé. Bí wọ́n bá di èèyàn lójú, tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó di ìgbà tí kọ̀ńdọ́ bá ké orúkọ ibi náà kó tó mọ̀ pé kì í ṣe Ọ̀tà tàbí Ìkòròdú lòun wà.

Kì í sì í ṣe pé ọwọ́ wa ṣófo. Ẹ wo Trade Fair. Ayàwòrán ilé láti Yugoslavia, Zoran Bojović ti ilé-iṣẹ́ Energoprojekt, ló yà á. Ọdún 1977 ni wọ́n ṣí i fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ nílùú Èkó. Kò to àwọn ilé rẹ̀ ní ìlà gbọọrọ bí ṣọ́ọ̀bù. Òbìrí-òbìrí ló yà wọ́n, bí ẹni ń to agbo ilé. Lókè òkun, àwọn tó ń kọ ìtàn ilé yíyà ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń kọ ìwé lé lórí. Níbí, ẹni tó bá ń wá spare parts ló ń lọ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ibùdó rélùwéè tí yóò dúró níwájú rẹ̀, tiyín ni.

Ẹ tún wo ilé tí Alhaji Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà kan, kọ́ sí Ìbà. Kò lọ́ṣọ̀ọ́ kan. Síbẹ̀ ẹni tó bá rí i ní Ìbà, tó tún rí i ní Abẹ́sàn àti Ìsọlọ̀, mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ló kọ́ ọ. Àní face-me-I-face-you tí gbogbo wa ń bú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó la àárín rẹ̀ kọjá, tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, mọ̀lẹ́bí ilé Àgùdà ni. Ìrísí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ló ṣí kúrò.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé, sà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari wá sí Èkó. Nínú àbẹ̀wò kan ṣoṣo yẹn, ó ṣí ìpele àkọ́kọ́ rélùwéè yìí, ó sì tún ṣí ilé àṣà John Randle Centre ní Onikan. Ṣeun Odùwọlé ló ya ti Onikan: ògiri rẹ̀ láwọ̀ amọ̀, ó dà bí ẹni pé ó hù láti inú ilẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá á yí ọrùn wò ó. Àwọn ibùdó rélùwéè wá ńkọ́? Wọ́n mọ́, wọ́n dára, wọ́n sì lè wà ní ìlú èyíkéyìí láyé. Ìjọba kan náà ló parí méjèèjì. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ kàn rò pé ilé àṣà nìkan ló yẹ.

Kì í ṣe ilé àṣà nìkan ni ọ̀ṣọ́ yẹ. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká oníṣọ̀nà ní Òṣogbo. Òyìnbó kan, Ulli Beier, ló ní káwọn bíríkìlà wá mọ ẹranko sìmẹ́ǹtì, irú èyí tó wà lórí ilé Àgùdà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ Àkànjí ti yọ. Nígbà tó yá, ó ń mọ ògiri oníhò tó kún fún èèyàn àti ẹranko, ó sì mọ irú rẹ̀ sí ilé epo kan. Ilé epo o, sà! Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, èrò tó bá ń retí rélùwéè nínú ooru oṣù kẹta yóò sì mọ ìwúlò rẹ̀.

Ìlú mìíràn ń fi òfin ṣe é. Ní Jerúsálẹ́mù, láti 1918 ni òfin ti wà pé òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ ni kí wọ́n fi bo ojú ilé. Mi ò ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Lánlọ́ọ̀dù tó ń ra sìmẹ́ǹtì ní iye tó ń tà lónìí kò nílò òfin mìíràn lọ́rùn. Òfin nìkan kì í sì í ṣọ́ ilé: 1956 ni wọ́n ti kéde Ilọ́jọ̀ Bar, ilé Àgùdà kan ní Tinúubú, gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wọ́n ṣì wó o ní 2016. Ohun tí a kò kọ́ ní tuntun mọ́, tí ọmọdé kò rí lójú ọ̀nà ilé-ìwé rẹ̀, ta ni yóò bá wa dáàbò bò ó? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìjọba fi ilé tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má kàn wá gbé ère kalẹ̀ síkòríta fún wa o. Ère ti pọ̀ ní Èkó. Ní ibùdó Trade Fair, ẹ jẹ́ kí òbìrí Bojović hàn nínú òrùlé. Ní LASU àti Okokomaiko, ẹ fún ẹnu ọ̀nà ní kọ̀bì tó yọ síwájú bíi ti ààfin, kí ògiri oníhò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdúró, kí ẹ sì fi iṣẹ́ ọnà yẹn lé àwọn bíríkìlà àdúgbò lọ́wọ́. Kí kọngílá tó rẹ́ ògiri, ẹ ní kí wọ́n gbé àwòrán àwọn ibùdó náà wá sí ààfin Ọjọ́, Ìbà àti Ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Ìjanikin, níbi táwa náà ti lè rí i, ká sì sọ tẹnu wa sí i.



Èmi ni tiyín,
Olùgbé Ọ̀tọ̀-Àwórì kan