Ta Ni Ó Sọ Pé Eruku Ojú Ọ̀run Kò Gbọ́ Yorùbá?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa fẹ́ràn láti máa sọ, tí wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó lè ta kò ó. Wọ́n á ní èdè Yorùbá dára fún oríkì, ó dára fún ẹkún ìyàwó, ó dára fún ìpolówó ọjà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí Yorùbá lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Níbi àpérò kan tí mo wà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan dìde, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, ó ní, "Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè, ẹ bá mi túmọ̀ pílásímà." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ìtìjú kò jẹ́ kí n dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rín yẹn ti ń ká mi lára.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni. Ohun tí a mọ, bí amọ̀kòkò ti í mọ ìkòkò, ni ó túmọ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn yá a lò fún omi inú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1928, Irving Langmuir, ará Amẹ́ríkà, tún yá a láti fi pe afẹ́fẹ́ tí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ti já sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iná mọ̀nàmọ́ná fi lè gbà á kọjá. Yíyá lórí yíyá! Kò sí ẹni tí ó dìde ní Amẹ́ríkà láti lé Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nítorí pé kò ní orúkọ fún nǹkan náà. Bí ẹ̀wù àyáwọ̀ bá yẹ ẹni kìn-ín-ní, kí ni ó dé tí kò fi gbọdọ̀ yẹ ẹnì kejì?

Orúkọ nìyẹn. Ní ti àlàyé, ìyá àgbà tí kò wọ ilé ìwé rí, ṣùgbọ́n tí ó ti ní rédíò, mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án, ilé iṣẹ́ rédíò tí ó wà nítòsí ni rédíò rẹ̀ sábà máa ń gbé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ohùn Haúsá àti ti Faransé a bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Oòrùn ni ó fà á. Ìtànṣán oòrùn máa ń lu afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún, láti nǹkan bí 60 kìlómítà sókè, ó ń já àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù bí a ti ń yin àgbàdo kúrò lára ṣùkù. Agbègbè yìí ni à ń pè ní àyónósífíà. Ìpele rẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ a máa gbé ìgbì rédíò mì lọ́sàn-án. Bí oòrùn bá wọ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ibẹ̀ a padà sí ara átọ́ọ̀mù, ìpele náà a pòórá, ìgbì rédíò a sì ráyè dé ìpele òkè, tí í ta á padà sílẹ̀ bí ògiri ti í ta bọ́ọ̀lù. Edward Appleton ni ó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1924, iṣẹ́ náà ni ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1947. Èwo ni Yorùbá kò lè sọ níbẹ̀?

Wọ́n á tún ní, "Ohun òyìnbó ni, kí ni ó kàn wá?" Ó kàn wá ju bí ó ti kan òyìnbó lọ! Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba apá àríwá ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá, lọ́sàn-án ni odò iná mọ̀nàmọ́ná kan sì máa ń ṣàn lórí ìlà náà, ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè. C. A. Onwumechili, tí ó di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tí ó wọn odò yìí. Ní Ìbàdàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ẹ̀rọ kan ti wà ní yunifásítì tí ń ta ìgbì rédíò sókè tí ó sì ń gba gbohùngbohùn rẹ̀ padà. Orí wa gan-an ni wọ́n ń wọ̀n.

Ìrọ̀lẹ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà gbóná jù. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, apá ìsàlẹ̀ àyónósífíà a fúyẹ́, apá òkè a wúwo. Ẹni tí ó bá ti ro ẹ̀kọ mọ ohun tí í tẹ̀lé e: èyí tí ó fúyẹ́ nísàlẹ̀ a gbéra, a la àárín èyí tí ó ki kọjá, gbùlù, gbùlù, bí ẹ̀kọ tí ń hó. Bí ìgbì láti inú sátẹ́láìtì bá gba inú ìhó bẹ́ẹ̀ kọjá, ńṣe ni yóò máa gbọ̀n. Ẹ̀rọ atọ́nà inú ọkọ̀ òfurufú àti inú fóònù wa lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣì wá lọ́nà. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kì í sábà rí irú rẹ̀.

Eruku wá ńkọ́? Ọkọ̀ Cassini, tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù jùmọ̀ fi ránṣẹ́ ní 1997, dé ọ̀dọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ́ọ̀nù ní 2004, ó sì ń yí i ká títí ó fi jóná nínú òfurufú rẹ̀ ní 2017. Ẹ̀rọ agberuku kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ Jámánì ṣáájú nínú ṣíṣe rẹ̀. Bí ẹyọ eruku kan bá fi eré burúkú kọlu irin inú ẹ̀rọ náà, eruku ọ̀hún a fọ́ yángá, òun fúnra rẹ̀ a di pílásímà. Ẹ̀rọ náà a wá yẹ àfọ́kù rẹ̀ wò láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 2016 wọ́n kéde pé ẹyọ eruku 36 tí ẹ̀rọ náà gbé wá láti ẹ̀yìn gbogbo agbo oòrùn wa yìí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wù mí jù ni ti Enceladus, òṣùpá kékeré kan tí ó jẹ́ ti Sátọ́ọ̀nù, tí omi ń tú jáde láti abẹ́ yìnyín rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹyọ yìnyín rẹ̀ wò, wọ́n sì kéde ní 2009 pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé òkun wà lábẹ́ yìnyín náà. Mo tún bi yín: ọ̀rọ̀ wo ni ó ṣòro níbẹ̀, eruku ni, àbí iyọ̀, àbí òkun?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. N kò sí lára àwọn tí ń sọ pé àwọn baba ńlá wa ti mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Àwọn baba ńlá Langmuir náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ń jà fún ni ọmọ tí ó wà ní kíláàsì lónìí. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní òun ni ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwé lábẹ́ ìlànà náà kò tí ì kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á! Ìdánwò àṣekágbá wo ni ó ti ṣe?

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ gbá tábìlì, ẹ má bínú pé èsì mi pẹ́. Pílásímà ni pílásímà ń jẹ́ ní Yorùbá. Ẹ bi mí ní èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.