Ike oníhò wẹ́wẹ́ tó ń gbé iná: Ṣé òun ni yóò máa gbé oògùn dé inú ọpọlọ?

Bí ẹ̀gún bá wọ ẹsẹ̀ tó sì pẹ́ níbẹ̀, ẹran yóò hù bò ó mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń rí fún wáyà tín-ín-rín táwọn dókítà máa ń fi sínú ọpọlọ. Lọ́dún 2002 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú wáyà bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí Parkinson ń bá fínra, ìyẹn àìsàn tó ń mú ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n. Àmọ́ ọpọlọ kò fẹ́ àlejò. Yóò wú, yóò sì fi àpá yí wáyà náà ká, pàápàá àwọn wáyà kéékèèké tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán.

Dexamethasone, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí dẹ́sà, lè pa wíwú náà. Ṣùgbọ́n béèyàn bá ń gbé e mì lójoojúmọ́, gbogbo ara ló ń dé. Ó lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì lè sọ egungun di ẹlẹgẹ́. (Kí àwọn tó ń lò ó láìgba àṣẹ dókítà, nítorí àtisanra, gbọ́ èyí dáadáa.)

Èyí ló mú kí Xiliang Luo àti Xinyan Tracy Cui, ní Yunifásítì Pittsburgh l'Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 2009. Ike tí wọ́n ń pè ní polypyrrole ni wọ́n lò. Pé ike lè gbé iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Òun ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Heeger, MacDiarmid àti Shirakawa lọ́dún 2000. Ọgbọ́n ibẹ̀ wà nínú ihò. Wọ́n kó ilẹ̀kẹ̀ polystyrene tí ojú lásán kò lè rí jọ, wọ́n jẹ́ kí ike náà hù yí wọn ká, wọ́n wá fi kẹ́míkà yọ́ àwọn ilẹ̀kẹ̀ ọ̀hún dànù. Ohun tó ṣẹ́kù dà bí afárá tí wọ́n ti fún oyin inú rẹ̀ tán. Inú ihò wọ̀nyí ni oògùn ń wọ̀, ó sì ń gbà ju ti ike tó dán lọ. Bí iná díẹ̀ bá kàn án, ike náà yóò tú oògùn sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ nìkan.

Wàhálà tó kù kò kéré. Oògùn inú ihò kò lè pọ̀, bó bá sì tán, ta ni yóò tún gbà kí wọ́n la orí òun nítorí àtikún un? Ike ọ̀hún kì í sì í tètè jẹrà. Yàrá ìwádìí ló ṣì wà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lónìí, oògùn tí dókítà kọ fún un ni yóò ṣì máa lò.