Lẹ́tà Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ìwó: Ẹ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Sọ Pé "A Ò Lọ Lónìí"

Ẹ̀yin ọmọ Ìwó Olódò Ọbà,

Láti ìgbà tí Yunifásítì Bowen ti wà nílùú yìí, ìwé-ẹ̀rí ti pọ̀ nílé, àwọn òbí sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú yín ti ń fojú kéré iṣẹ́ ọwọ́, pàápàá iṣẹ́ ẹni tó ń wa àwọn ẹlòmíràn lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Nítorí náà ni lẹ́tà yìí ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa atukọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé.

Ibùdó ìwádìí kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Rothera. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá a sílẹ̀ lọ́dún 1975 ní erékùṣù Adelaide. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí òtútù bá dínkù díẹ̀, èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ máa ń lé ní 100. Bí òtútù bá wọlé dé tán, nǹkan bí ogún péré ló ń kù. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wà láàárín wọn, dókítà wà, alásè wà, káfíńtà wà, mẹkáníìkì náà wà.

Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Òun ló ń tọ́jú àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ń wọ inú òkun. Ó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó ń kọ́ àwọn onímọ̀ ní bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀, ó sì ń wo ojú ọjọ́. Láti ọdún 1997 ni àwọn onímọ̀ ibùdó yìí ti ń wọn bí omi òkun ibẹ̀ ṣe ń gbóná tó àti bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí kò bá sí ọkọ̀ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tù, kò sí ohun tí wọn ó fi kún ìwé ìwádìí náà nígbà tí omi bá ṣí sílẹ̀.

Omi ọ̀hún kì í ṣe omi eré. Ìgbà tó bá tutù tó ìwọ̀n 1.8 sísàlẹ̀ òdo ló ń dì, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Ẹni tó bá já sínú rẹ̀ láìwọ aṣọ tó yẹ, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè di nǹkan mú mọ́. Afẹ́fẹ́ sì lè kó yìnyín jọ, kó dí ọ̀nà ilé mọ́ ọlọ́kọ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kì í kàn ṣí níbẹ̀. Àwọn tó wà ní ibùdó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó lọ, ibi tó lọ àti ìgbà tí yóò dé, rédíò ò sì gbọdọ̀ dákẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ojú ọjọ́ kò bá dára, tí atukọ̀ ní, "A ò lọ lónìí," ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta yóò padà sí yàrá rẹ̀.

Ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n fi kọ́ díẹ̀ nínú ìṣọ́ra yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2003, ẹranko òkun kan tí wọ́n ń pè ní leopard seal wọ́ ọ̀dọ́bìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ọmọ ọdún 28, lọ sísàlẹ̀ omi nítòsí ibùdó náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Láti ìgbà náà, wọ́n á kọ́kọ́ ṣọ́ ojú omi kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá rí irú ẹranko bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ ti ọdún 1916. Yìnyín Antarctica ti fọ́ ọkọ̀ ńlá Ernest Shackleton, olórí àwọn arìnrìn-àjò kan. Òun àti ọkùnrin márùn-ún wọ ọkọ̀ kékeré James Caird láti wá ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì rin ohun tó lé ní 1,200 kìlómítà lórí òkun tó ń ru gùdù. Kí wọ́n tó gbéra, Harry McNish tó jẹ́ káfíńtà gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ga, ó sì bo orí rẹ̀ kí ìgbì má baà rì í. Frank Worsley ló ń fi oòrùn mọ ọ̀nà, ní ìwọ̀nba ìgbà tí oòrùn yọjú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún náà, gbogbo ẹlẹgbẹ́ wọn 22 tí wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n kó láàyè. Shackleton ni ayé ń pọ́n lé. Wọn kò tilẹ̀ fún McNish ní àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n fún púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lára ohun tó mú wọn dé èbúté.

Nílé ńkọ́? Nàìjíríà kò ní ibùdó ní Antarctica, ṣùgbọ́n a ní odò Ọbà, Ọ̀ṣun, Ọya àti ọ̀sà Èkó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù lóru ní agbègbè Pàtígì, ní Kwara. Ó lé ní 100 èèyàn tó kú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, jàǹbá ọkọ̀ lórí Odò Ọya pa òṣèré Junior Pope àti àwọn mìíràn. Èrò tó pọ̀ jù, ìrìn òru, àìwọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì: ohun tí à ń gbọ́ nìyí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ jàǹbá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sọ pé "a ò lọ", àwọn èrò náà kò sì fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tó bá wù láti ṣe iṣẹ́ ojú omi, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní ìlú Oron. Ẹni tó bá sì jẹ́ ẹ́ńjìnnì, bíríkì tàbí iná mànàmáná ló yàn, kó kọ́ ọ dópin, kó má fi ìwàǹwára gbà á. Bí ẹ bá dé etí omi, ẹ bèèrè láífù-jákẹ́ẹ̀tì. Bí ọlọ́kọ̀ bá ní kò sí, ẹ sọ̀kalẹ̀, kódà bí ẹ bá ti sanwó.